Ìyá Hinderer ti Kúdẹtì àti Àwọn Ọmọ Tí A Fi Sí I Lọ́wọ́

Ẹni tí ó bá kúrò ní Ọjà'ba, tí ó kọ ẹ̀yìn sí òkè Mápó, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, kò ní pẹ́ dé Kúdẹtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ó ti gba ibẹ̀ kọjá láìníye ìgbà, tí a ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ tàbí láti Bẹ́yẹrúnká, tí a ń lọ kí ẹbí, tí a ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ tàbí ìsìn òkú. Díẹ̀ nínú wa ni ó ń rántí pé níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ kó ọmọ Ìbàdàn jọ sí abẹ́ òrùlé kan láti kọ́ wọn ní ìwé. Bí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ti tún kò yìí, tí a sì tún ń sọ̀rọ̀ nípa ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí owó ìwé san, ó dára kí a padà lọ wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa. Obìnrin kan ni ó wà ní ìdí rẹ̀, Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ni àwọn ọmọ inú ilé rẹ̀ ń pè é.

A bí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1827 ní Hempnall, abúlé kan ní agbègbè Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Anna Martin ni orúkọ tí ó ń jẹ́ nígbà náà. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n ní ọmọ aláìníyàá. Nígbà tí ó ṣe, ó lọ ń gbé ní Lowestoft, ìlú àwọn apẹja ní etí òkun, ní ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ rere. Àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti Richenda aya rẹ̀, fà á mọ́ra bí ọmọ, ilé wọn sì di ilé rẹ̀. Richenda yìí jẹ́ àbúrò Elizabeth Fry, obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àánú tí ó ṣe fún àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú agbo-ilé àwọn aláàánú ni Anna gbé dàgbà, ó sì hàn lára rẹ̀ ní kùtùkùtù. Kò tí ì kúrò ní ọmọdé tí ó fi bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún òun ní kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ó yá, ó mú àwọn ọmọ aláìní ìlú náà, àwọn tí aṣọ wọn ti ya, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. A fẹ́ kí ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí àwọn kan rò pé nígbà tí ó dé ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aláìní.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1852 ni ó fẹ́ David Hinderer. Ará Jámánì ni David, iṣẹ́ C.M.S. ni ó sì ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ti wá wo Ìbàdàn ní ọdún 1851, ó gbé ibẹ̀ fún oṣù bí mélòó kan, ọkàn rẹ̀ sì fà sí ìlú náà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853 wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, ibà sì kí Anna káàbọ̀ bí ó ti máa ń kí gbogbo àlejò òyìnbó ní ìgbà náà. Láti Èkó wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, ní oṣù Kẹrin wọ́n sì wọ Ìbàdàn. Anna kò tí ì ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ.

Irú Ìbàdàn wo ni ó bá? Kò tí ì sí gbọ̀ngàn Mápó. Òkè lásán ni òkè náà nígbà náà, gbọ̀ngàn náà sì kù ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kí a tó ṣí i. Ọjà'ba wà, ó sì kún. Ìlú ológun ni Ìbàdàn. Olúgbòde ni Baálẹ̀, Ìbíkúnlé sì ni Balógun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ ìlú lójoojúmọ́, àwọn kan ní ẹsẹ̀ ara wọn, àwọn mìíràn nínú ìdè gẹ́gẹ́ bí ẹrú tí a kó lójú ogun. Àwọn ìjòyè kò ṣàì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí kí wọ́n tó gbà á, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ fi ojú rere wò wọ́n, wọ́n sì rí ilẹ̀ gbà ní Kúdẹtì. Ilé alámọ̀ ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ gbé, kí ilé ti Kúdẹtì tó parí. Anna bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè wa. Ó lọ kí Ìyálóde, nítorí ó ti yé e pé ní ìlú yìí a kì í ṣe iṣẹ́ kankan láàrin obìnrin àti ọmọdé láìjẹ́ pé ìyá àwọn obìnrin mọ̀ sí i. Ìwà ọgbọ́n ni èyí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ni ó ń dé ìlú lónìí tí wọn kì í bèèrè ẹni tí à ń kí.

Ilẹ̀ wà, olùkọ́ wà, ìwé wà, ṣùgbọ́n ọmọ kò sí. Bàbá wo ni yóò mú ọmọ rẹ̀ fún àlejò? Ohun tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn fi ń yangàn ni ọmọ tí ó lè gun ẹṣin, tí ó lè yìnbọn, tí yóò mú ẹrú bọ̀ wálé. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Ẹ̀rù mìíràn sì tún wà, pé bóyá òyìnbó yóò kó àwọn ọmọ náà lọ sí ìlú rẹ̀. Kí a má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìran kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn àti àwọn tí ọkọ̀ òyìnbó kó ọmọ wọn lọ ní tòótọ́.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà ni Olúnlọ́yọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè. Ó mú méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Akínyẹlé ọkùnrin àti Yéjídé obìnrin, ó sì fi wọ́n lé Anna lọ́wọ́ kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n sì máa kọ́ ìwé. Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn olóore ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, a máa ń yára dárúkọ àwọn tí ó fi owó sílẹ̀. Ní tiwa, Olúnlọ́yọ̀ ni a ó fi ṣíwájú wọn. Kì í ṣe onígbàgbọ́. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni tí ó ti kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú náà tí ó lè wò, kí ó sọ pé bí ọmọ tèmi yóò ti rí nìyí. Ó fi ọmọ inú ara rẹ̀ dán an wò. Kò sì mú ọkùnrin nìkan. Ó mú ọmọbìnrin pẹ̀lú, ní àkókò tí àwọn ilé ọlọ́lá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń jiyàn lórí bí ó ti yẹ kí ìwé ọmọbìnrin pọ̀ tó.

Lẹ́yìn àwọn méjì yìí ni àwọn mìíràn ń wá. Kì í ṣe ọmọ ìjòyè ni gbogbo wọn, èyí gan-an ni ó sì mú kí ilé Kúdẹtì yàtọ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọ tí a kó lójú ogun, tí Hinderer fi owó rà padà kúrò lóko ẹrú. Àwọn kan kò mọ ibi tí ìyá wọn wà mọ́. Ọmọ Olúnlọ́yọ̀ àti ọmọ tí a rà padà sùn sínú ilé kan náà, wọ́n jẹun papọ̀, wọ́n sì jókòó ti ara wọn lórí ẹní. Ní ìlú tí ẹrú àti ọmọ ọlọ́lá kì í jókòó pọ̀, ìwàásù ńlá ni ìyẹn, bí Anna kò tilẹ̀ la ẹnu. Ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti orin. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán. Ó ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, nígbà tí ara tirẹ̀ pàápàá gbóná fún ibà. Kò bí ọmọ kankan. Daniel Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Abẹ́òkúta tí ó ti jẹ́ olórìṣà tẹ́lẹ̀, wà pẹ̀lú wọn nínú ilé, ó di ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ní ọdún 1858, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà dé, wọ́n mú ìdílé kan wá láti Sàró, ìdílé Henry Johnson. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ìdílé náà ni Samuel, ọmọ bí ọdún méjìlá. Ẹ ó tún gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ta ni ó ń bọ́ gbogbo wọn? C.M.S. ń san owó oṣù Hinderer, ṣùgbọ́n owó oṣù ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan kò lè bọ́, kí ó tún wọṣọ fún, ilé tí ó kún bẹ́ẹ̀. Ibi yìí ni Lowestoft ti wọ inú ìtàn Ìbàdàn. Anna kò gbàgbé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́. Ó ń kọ lẹ́tà sí wọn. Ó ń sọ fún wọn bí ọmọ yìí ti rí, bí èyí ti kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì, bí èyí ti ń ṣàìsàn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti àwọn obìnrin ìjọ náà ń rán aṣọ, wọ́n ń kó o sínú àpótí. Àpótí náà yóò gba orí òkun dé Èkó, yóò wọ ọkọ̀ ọpọ́n lórí odò Ògùn dé Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ alárù yóò gbé e lórí wọ Ìbàdàn. Nígbà tí a bá ṣí i ní Kúdẹtì, ọdún ni fún àwọn ọmọ.

Ohun tí ó wú wa lórí jù nínú ọ̀rọ̀ àpótí yìí ni pé ẹni tí ó ń rán aṣọ mọ orúkọ ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́. Ó gbọ́ nípa rẹ̀, ó ń gbàdúrà fún un, ó sì ń retí ìròyìn rẹ̀. Èyí ni ó fà á tí Akínyẹlé, nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un, fi jẹ́ Francis Lowestoft Akínyẹlé: Francis, orúkọ àlùfáà Cunningham, Lowestoft, orúkọ ìlú etí òkun náà. Ọmọ jagunjagun Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ ìlú apẹja kan tí kò fi ojú rí. A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò bínú sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, pé kí ni ó ṣe orúkọ tí Olúnlọ́yọ̀ sọ ọ́. A kò dá wọn lẹ́bi. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ìgbà náà kò mọ ibi tí ìhìn rere parí sí àti ibi tí àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi èkíní bo èkejì mọ́ra ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé Akínyẹlé kò sọnù nínú rẹ̀. Òun ni ó gbẹ̀yìn orúkọ náà, òun ni àwọn ènìyàn sì ń pè.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó yẹ kí a fi ẹnu bà. Owó tí a fi ń ra ọmọ padà lóko ẹrú, ṣé kò sọ òwò ẹrú di ohun tí ó ní èrè? Ìbéèrè gidi ni, kò sì rọrùn. Ní tiwa, ọmọ tí ó wà lójú ìdè lónìí kò lè dúró de ọjọ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n yóò parí àríyànjiyàn wọn.

Ní ọdún 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Kúrunmí. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí. Àwọn Ìjẹ̀bú náà dí ọ̀nà tiwọn. Kò sí ọ̀nà tààrà mọ́ láti Ìbàdàn dé òkun. Àpótí Lowestoft wà ní ibi tí ó wà, owó C.M.S. wà ní Èkó. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ka ìwé yìí lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ rántí pé owó ẹyọ ni a ń ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹyọ 20,000, odindi ẹrù alárù kan sì ni. Ènìyàn kò lè fi owó oṣù pamọ́ sí àpò kí ó gba inú igbó wọlé. Ẹni tí ó ní owó ní Èkó lè kú fún ebi ní Kúdẹtì.

Ibẹ̀ ni a ti mọ irú ẹni tí Anna jẹ́. Kò ní oúnjẹ fún ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń wo ojú rẹ̀. Kò lè dá àwọn tí a rà padà sílẹ̀, nítorí ibo ni wọn yóò lọ? Ọjà ẹrú ṣì wà, ó sì sún mọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun ìní ilé. Agolo, páànù tí ó wà nínú àpótí bísíkíìtì, aṣọ, ohunkóhun tí àwọn ará ìlú lè rí lò, ó tà wọ́n láti fi ra oúnjẹ. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú epo àti ata, díẹ̀ díẹ̀. David gbìyànjú ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó nígbà kan, ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu, ó sì padà wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862 Ìjàyè fọ́. Edward Roper, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ C.M.S. tí ogun ká mọ́ ibẹ̀, di òǹdè lọ́wọ́ Ìbàdàn. Nígbà tí a dá a sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ni ó wá gbé. Ẹnu kan tún kún un. Ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀nà kò ṣí.

Àwa tí a ti jókòó ní ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ ní ìjọ àti ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde mọ bí ìrànwọ́ ti máa ń rí nígbà tí owó olóore òkèèrè bá dáwọ́ dúró. A máa ń kọ lẹ́tà sí òbí pé ó dùn wá. Nítorí náà ni a fi dúró pẹ́ lórí ọdún márùn-ún yìí. Ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ìjọ Lowestoft, ilẹ̀ Olúgbòde àti ìgboyà Olúnlọ́yọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó gbé ilé Kúdẹtì ró títí di 1860. Láti ìgbà náà, bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan wà nínú ilé náà tí ó ka àwọn ọmọ sí ọmọ tirẹ̀, gbogbo àjọṣe náà ì bá ti túká, kò sì sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi.

Ní ọdún 1865 Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó, gbọ́ bí ara obìnrin náà ti rí. Ó rán Captain Maxwell àti àwọn ènìyàn díẹ̀ gba inú igbó Ìjẹ̀bú. Òru ni wọ́n wọ Ìbàdàn, wọ́n ní Anna gbọ́dọ̀ bá wọn lọ kíákíá kí ọ̀nà tó tún dí. David kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́gán bẹ́ẹ̀, ó dúró. Wọ́n gbé obìnrin aláìlera náà nínú àsọ̀ dé Èkó, ó sì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A rò pé ó tó fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti dé bá a níbẹ̀, tí ara sì mókun díẹ̀, àwọn méjèèjì padà sí Ìbàdàn. Wọ́n tún ṣiṣẹ́ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1869, nígbà tí ara kọ̀ pátápátá. Ó kú ní Martham ní Norfolk ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1870, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé.

Ní ọdún 1867 àwọn Ẹ̀gbá ti lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, nítorí náà nígbà tí àwọn Hinderer lọ, kò sí òyìnbó tí ó rọ́pò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ ilé náà ni ó gba iṣẹ́. A fi Daniel Olúbí jẹ díákónì ní ọdún 1871, ó sì ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Kúdẹtì títí ó fi di arúgbó. Samuel Johnson kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́. Òun ni ó bá Charles Phillips rìn láàrin àwọn ibùdó ogun ní ọdún 1886 títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì Parapọ̀, òun kan náà ni ó sì kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ ṣe àtúntò rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ní ọdún 1899 a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì, èyí tí ó di St. Anne's School lẹ́yìn tí ó dàpọ̀ mọ́ ti Èkó ní ọdún 1950. Ní ọdún 1913 Alexander Babatunde Akinyele, ọmọ tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ Kúdẹtì bí, ṣí Ibadan Grammar School. Orúkọ Yéjídé, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fi lé àlejò lọ́wọ́, wà lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin títí di òní, àwọn ọmọ sì ń kọ ọ́ sára ìwé wọn lójoojúmọ́.

Akínyẹlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà di olùkọ́ àti oníwàásù. Nínú àwọn ìwé tí ó ń kọ ránṣẹ́ sí C.M.S. láti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú Lowestoft láàrin.